Ẹni Tó Wo Ìran Ìfẹ́ Jẹ Gbèsè

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ó wúwo. Òun nìyí: bí ọkùnrin àti obìnrin bá fẹ́ràn ara wọn, kí ni ìlù ń wá níbẹ̀? Kí ni èrò ń wá níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹni méjì ni ìfẹ́. Kí ló dé tí a fi ń dí ojú títì nítorí rẹ̀, tí a ń wọ aṣọ kan náà, tí a ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ọmọ iléèwé lọ́jọ́ òmìnira?

Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe sinimá ti fún wa ní èsì tiwọn. Lójú tiwọn, ìfẹ́ tí kò bá ní ìlù àti èrò nínú kò dùn ún wò. Ẹ wo fíìmù àwọn ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Easter Parade, tó jáde ní 1948. Fred Astaire àti Judy Garland ló ṣe é. Oníjó ni ọkùnrin inú rẹ̀. Obìnrin tí wọ́n jọ ń jó já a sílẹ̀, ó bá fi ìbínú mú ọmọbìnrin mìíràn tí kò lórúkọ, ó ní òun yóò kọ́ ọ dé ibi tí ti àkọ́kọ́ dé. Ẹ̀kọ́ ijó di ìfẹ́. Níbi tí fíìmù náà parí sí, àwọn méjèèjì ń rìn lọ ní òpópónà ńlá kan ní New York lọ́jọ́ Àjíǹde, èrò lọ́tùn-ún, èrò lósì, fìlà olówó iyebíye lórí àwọn obìnrin. Wọ́n ti di ti ara wọn. Iná gbọ̀ngàn tàn. Òǹwòran dìde, ó gbọn aṣọ, ó gba ilé lọ.

Ibi tí òǹwòran ti dìde yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba fíìmù kejì, nítorí òun ló la ojú mi sí ọ̀rọ̀ yìí jù. Orfeu Negro ni wọ́n ń pè é. Ará Faransé kan, Marcel Camus, ló darí rẹ̀ ní 1959. Ó gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ ní Cannes lọ́dún náà, ó sì gba Oscar ní 1960. Ìlú Rio de Janeiro ní Brazil ni wọ́n ti yà á, lákòókò àríyá ọdún tí wọ́n ń pè ní Carnival. Ènìyàn dúdú bíi tiwa ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn tí a kó baba ńlá wọn kọjá òkun. Orfeu ń wa ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn láàrin ìgboro, ó sì mọ jìtá ta. Ọmọbìnrin kan, Eurídice, ti ìgbèríko sá wá sí ìlú nítorí ẹnì kan ń lé e kiri. Àwọn méjèèjì pàdé, ìfẹ́ wọ̀ ọ́. Ọjọ́ Carnival kò, gbogbo ìlú bọ́ síta, ijó ń lọ, aṣọ ń dán, àfi bíi pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jó. Ẹni tó ń lé ọmọbìnrin náà ti gbé agọ̀ Ikú wọ̀, ó wà láàrin èrò. Ta ni yóò fura? Ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn gbé agọ̀, ta ló mọ agọ̀ tòótọ́? Ọmọbìnrin náà sáré títí, ó fi sáré wọ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ ojú irin sí, ibẹ̀ ni wáyà iná ti pa á. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó wá gbà á là gan-an ló tan iná náà, kò mọ̀ pé wáyà ni ọmọ náà dìrọ̀ mọ́.

Ẹ rò ó wò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ló wà níta lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Gbogbo wọn ló ń wòran, kò sì sí ọ̀kan tó rí i pé ọmọ ènìyàn kan ń sá fún ẹ̀mí rẹ̀ láàrin wọn. Bí ó bá jẹ́ pé inú igbó ló ti ń sá, a ó ní kò sẹ́ni níbẹ̀. Àárín èrò ni! Mo wá rí i pé òǹwòran lè pọ̀ bí eṣú kí ẹlẹ́rìí má sí ní ẹyọ kan.

Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ fà jáde nìyẹn: òǹwòran yàtọ̀ sí ẹlẹ́rìí. Òǹwòran wá nítorí ojú ara rẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ṣe wá. Bí ìran bá parí, òǹwòran ti bọ́ lọ́ràn. Ní ti ẹlẹ́rìí, ìgbà tí ìran bá parí ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí a lè pè é lọ́la pé, "Ìwọ ṣáà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí lo mọ̀ sí i?"

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ilẹ̀ Ìgbómìnà níbí, a ní ọmọ tiwa nínú ọ̀rọ̀ sinimá. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ọmọ Àgbámú ni, ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn tí Òrò wà náà ni Àgbámú wà. Òun ló ṣe olórí òṣèré nínú Àjàní Ògùn tí Ọlá Balógun darí ní 1976, ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tó kọ́kọ́ sọ èdè Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀dọ́mọdé ọdẹ kan ń bá olówó jà lórí ilẹ̀ baba rẹ̀, orin àti ijó sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ìjà Òmìnira tẹ̀ lé e, Kádàrá sì jáde ní 1980. Adé Love kú ní 1996, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kí iná náà kú. Kúnlé ọmọ rẹ̀ ló ṣe Aníkúlápó ní 2022.

Bí a ṣe ń wo fíìmù wọ̀nyẹn nígbà náà ni mo fẹ́ rán yín létí. Àwọn tó ṣe fíìmù fúnra wọn ló ń gbé e káàkiri, láti gbọ̀ngàn ìlú dé gbọ̀ngàn iléèwé. Ẹni tó bá sì dákẹ́ nínú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, àlejò ni. Àwọn èèyàn ń bá aṣọ funfun ara ògiri sọ̀rọ̀! "Má lọ o, ó ń purọ́ fún ọ!" "Wẹ̀yìn rẹ, wẹ̀yìn rẹ jàre!" Bí ìkà bá ń bọ̀, ìyá àgbà kan á bú u tìrantìran. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ara oko ni wá, a kò mọ̀ pé àwòrán kì í gbọ́ràn. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń kìlọ̀ fún àwòrán kò tíì di òǹwòran lásán. Ohun tó wà lára rẹ̀ ni pé bí ewu bá ń bọ̀ wá bá ẹnìkejì lójú òun, òun kò gbọdọ̀ dákẹ́. Nígbà tó yá, fíídíò kó fíìmù wọ pálọ̀, fóònù sì kó o wọ àpò. Olúkúlùkù ń dá wo tirẹ̀ báyìí, wáyà létí, ẹnu dákẹ́ wẹ́lo.

Ẹ̀kọ́ tí fóònù kọ́ wa yìí la gbé lọ síbi ìgbéyàwó. Ẹ wo The Wedding Party tí Kemi Adetiba darí ní 2016, tó pawó ní ilé sinimá ju gbogbo fíìmù Nàìjíríà tó ti jáde ṣáájú rẹ̀ lọ. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni gbogbo ìtàn inú rẹ̀ rọ̀ mọ́, ọmọ Yorùbá fẹ́ ọmọ Ìgbò ní Èkó, aṣọ ẹbí, géèlè bí òkè, ìlù, owó, ẹ̀rín, ẹkún. Ó dùn, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà? Fíìmù kò níṣẹ́ sísọ ìyẹn. Tiwa ló burú, tí àwa náà ń ṣe bíi pé kò sí ọ̀la.

Nílùú Òrò tiwa yìí, tí a ti ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ láti 1976, tí àwọn ọ̀dọ́ kò sì wọ́n láàrin wa, ẹ kó ara yín jáde lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ó rí ìwọ́de mọ́tò, ẹ ó gbọ́ fèrè, ẹ ó rí onífóònù mẹ́wàá níwájú ìyàwó tó jẹ́ pé ìyá tó bí i kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó ń wojú ọmọ. Bí ojú ọmọ bá pọ́n nítorí ẹkún tó sun lóru, ta ni yóò mọ̀? Pàńkéèkì ti bò ó.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé, "Ó tán! Ohun tí a ti ń wí náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a fi ariwo sílẹ̀. Ìfẹ́ tòótọ́ kì í pariwo. Kí àwọn méjèèjì lọ bá àlùfáà nínú iyàrá, kí wọ́n so yìgì, ó parí." Ọ̀rọ̀ yẹn dà bí ọgbọ́n, pàápàá nígbà tí owó ìrẹsì bá ń dun ni. Síbẹ̀ n kò gbà á tán. Ẹ wò ó, gbogbo ẹ̀sìn tó wà láàrin wa ló kọ ìgbéyàwó ìkọ̀kọ̀. Àwọn Mùsùlùmí kò so yìgì láìsí ẹlẹ́rìí, wọ́n sì ní kí a kéde rẹ̀, kí a pe èèyàn wá jẹun. Ṣọ́ọ̀ṣì ń ka orúkọ àwọn tó fẹ́ gbéyàwó sétí ìjọ, wọ́n á ní kí ẹni tó bá mọ ohun tó lè dí i lọ́wọ́ wí. Òfin ìjọba náà ń béèrè ẹlẹ́rìí méjì tí yóò fọwọ́ síwèé. Kí ló dé? Nítorí pé ìfẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí, ẹni tó lágbára nínú àwọn méjèèjì lè sẹ́ ẹ lọ́la. Ó lè sọ pé, "Ta ló fẹ́ ọ? Ìgbà wo?" Obìnrin ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń já lé lórí, òun àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Èrò tó tò lẹ́yìn ìyàwó lọ́jọ́ náà ni odi rẹ̀.

Nítorí náà, n kò bá ìlù jà. Ohun tí mò ń bi yín ni irú èrò tí a jẹ́.

Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, ìyàwó kì í dédé kọjá lójú pópó kí èèyàn máa wò ó bí ọkọ̀ ojú irin. Yóò lọ láti ilé dé ilé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé e, yóò máa sun ẹkún ìyàwó, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà bàbá, lẹ́nu ọ̀nà ìyá, lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n. Yóò kúnlẹ̀, yóò tọrọ àdúrà. Ẹni tó jókòó sílé kò sì lè máa wò ó lásán. Ó di dandan kó dá a lóhùn. Yóò ṣàdúrà, yóò gbà á nímọ̀ràn, yóò fún un lóhun tí agbára rẹ̀ ká. Ìwọ́de ti sinimá a máa kọjá lọ ni. Ti ìyàwó àtijọ́ a máa dúró. Gbogbo ẹnu ọ̀nà tó bá sì dáhùn ti fi ara rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́. Nígbà tó bá dé ilé ọkọ, wọn á da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, kí gbogbo agbo ilé lè mọ̀ pé láti òní lọ, ẹsẹ̀ yìí ti di tiwọn.

Bí ẹ bá kọjá Ìlọrin díẹ̀, ẹ ó dé Ṣàó. Ìlú yìí lókìkí nítorí ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Awọn, tó jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń fa àwọn ìyàwó ìlú lé ọkọ lọ́wọ́. Wọ́n so ìdí rẹ̀ mọ́ ìtàn obìnrin abàmì kan tó fara han ìlú náà láyé àtijọ́. Àwọn ìyàwó á múra, wọn á jáde, ìlú á kún fọ́fọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Bí ẹ bá ń wá ìwọ́de ìfẹ́, kí lẹ tún ń wá lọ sí New York? Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Nínú sinimá, ẹni méjì ni ìràwọ̀, gbogbo ìyókù jẹ́ oníjó tí kò lórúkọ. Ní ìgbéyàwó ọlọ́pọ̀ ìyàwó bẹ́ẹ̀, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà jọ ń rìn nínú oòrùn kan náà. Òǹwòran ibẹ̀ kì í ṣe òǹwòran, nítorí bí ọmọ tìrẹ kò bá sí nínú wọn, ọmọ àbúrò rẹ wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa níbí. Ọkọ àti ìyàwó kan ṣe ìgbéyàwó tó mì ìlú tìtì. Aṣọ ẹbí oríṣi mẹ́ta, fíídíò, fèrè, owó lílẹ̀ mọ́ iwájú orí. Wọ́n ní àtigbé ìyàwó kò tó pọ́n, owó ọbẹ̀ ló ṣòro. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ, àwọn tí wọ́n yá lówó fún ìnáwó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè lóru. Gbogbo wa ń gbọ́ o. A ń yí etí sí òdìkejì ìrọ̀rí. Ní ọjọ́ kan, ìyàwó di ẹrù, ó jókòó lórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí mọ́tò. Àwọn tó wọ aṣọ ẹbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sọ́jà. Ẹnì kan ṣoṣo ló yà. Ìyá àgbà kan ni, tí kò tilẹ̀ rówó ra aṣọ ẹbí, tó jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ti bu oúnjẹ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó jókòó ti ọmọ náà lórí ilẹ̀. Ọkọ jáde, inú ń bí i, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ni." Ìyá dá a lóhùn pé, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo jẹ ìrẹsì yín, ọmọ mi. Ẹnu tí mo fi jẹ ẹ́ náà ni mo fi ń béèrè pé kí ló dé."

Mọ́tò dé, mọ́tò padà lófìfo. N kò ní tàn yín pé gbogbo nǹkan dára láti ọjọ́ náà. Gbèsè ṣì wà, ìyá náà kò sì ní owó tó lè san án. Ṣùgbọ́n ó bá wọn pe àwọn ẹbí méjèèjì jókòó, wọ́n pín gbèsè náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì bẹ àwọn olówó kí wọ́n máa gbà á díẹ̀díẹ̀. Nínú gbogbo èrò ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn, ẹlẹ́rìí kan ló wà, òun ni kò sì sí nínú fíídíò.

Yorùbá ní bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. A sábà máa ń lò ó fún ẹni tó jẹ tọwọ́ ẹni tí kò wá lè sọ òdodo. Ìyá yìí tún un túmọ̀ fún mi: bí ẹnu bá jẹ oúnjẹ ìgbéyàwó, ó yẹ kí ojú ti ojú láti kọjá lẹ́nu ọ̀nà tọkọtaya náà lọ́jọ́ ìpọ́njú.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, "Ṣé o fẹ́ sọ gbogbo wa di atojúbọ̀ ni? Ṣé kí a máa wọ iyàrá olóyàrá?" Rárá o. Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí yàtọ̀ sí ti adájọ́. Kì í ṣe òun ló ń pàṣẹ pé kí obìnrin dúró tàbí kó lọ. Mo tilẹ̀ mọ ilé tó jẹ́ pé bí ẹlẹ́rìí tòótọ́ bá wà, òun ni yóò bá ìyàwó gbé àpótí rẹ̀ jáde kí wọ́n má baà gbé òkú rẹ̀ jáde. Béèrè ni iṣẹ́ ẹlẹ́rìí, kó má ṣe bíi pé òun kò rí. Ẹ sì rántí pé a kò ya wọ ibẹ̀ láìpè. Àwọn ló tẹ káàdì, tí wọ́n kọ orúkọ wa sí i, tí wọ́n gbé e wá bá wa nílé. Kí ni wọ́n pè wá fún, bí kò ṣe pé kí a wá mọ̀?

Ní Èsìẹ́ tí kò jìnnà sí wa, ère òkúta wà níbẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn ní 1945 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin wà, ọ̀pọ̀ jókòó lórí àpótí, wọ́n ranjú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní àlejò tó wọ̀lú ni wọ́n tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó di òkúta. Ojú wà lórí wọn, ẹnu wà. Bí ẹ bá jó níwájú wọn, wọn á wò yín. Bí ẹ bá ṣubú níwájú wọn, bákan náà ni wọn á ṣe wò yín. Ẹ má jẹ́ kí a dà bíi wọn nígbà tí a ṣì lẹ́sẹ̀ tó lè rìn dé ilé aládùúgbò.

Ẹ máa wo sinimá yín, kí ẹ sì máa gbádùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá Judy Garland dá sí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá tàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí a ń jó lẹ́yìn wọn lọ́jọ́ Sátidé kò sí lára ògiri. Ọjọ́ Ajé ń bọ̀ wá bá wọn. Nígbà tí ẹ bá tún ra aṣọ ẹbí, ẹ ṣírò ìbẹ̀wò kan mọ́ owó rẹ̀, ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó, láìpariwo, láìmú fóònù jáde. Ẹ kan ilẹ̀kùn. Ẹ ní, "A wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, a ní kí a wá wò yín." Bí wọ́n bá ní kò séwu, ẹ mu omi wọn, kí ẹ máa lọ. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ fà àga, kí ẹ jókòó.